Omi Odòde Ìdànrè: Ẹ Fi Ìwé Àyẹ̀wò Hàn Wá

Bí àlejò bá dé Odòde Ìdànrè, òkè ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò, kì í ṣe omi. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn òkè wọ̀nyí ni ayé fi mọ ìlú náà. Láti ọdún 2007 ni orúkọ wọn ti wà nínú ìwé tí ìjọba Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè ni a bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ korobá ni. Korobá tí ọmọ ilé-ìwé gbé lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí ó rù padà wálé kí ó tó wẹ̀, kí ó tó jẹun, kí ó tó sáré lọ tò sórí ìlà níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀: kí ni ó wà nínú omi inú rẹ̀? Ta ni ó mọ̀ ọ́n? Bí ẹnìkan bá sì mọ̀ ọ́n, kí ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ fún ìyá ọmọ náà?

A kò béèrè bóyá omi wà tàbí kò sí. Ìbéèrè yẹn ní àwọn tí ń béèrè rẹ̀ dáadáa, pàápàá bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè a dìde, a ní òun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjìlá. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gba oyè a ní mẹ́jọ nínú rẹ̀ ti dákẹ́, àti pé bí ará ìlú bá lè fi ìbò wọn gbé òun wọlé, ogún ni òun yóò gbẹ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún a pàtẹ́wọ́, ti ọwọ́ òsì a pariwo. Wọ́n a gé rìbọ́nì, wọ́n a ya àwòrán, olóyè a bu omi mu lójú gbogbo ènìyàn, ilẹ̀ a sì ṣú. Nínú gbogbo ayẹyẹ wọ̀nyí, a kò tíì gbọ́ ibi tí ẹnìkan ti gun pèpéle lọ ka èsì àyẹ̀wò omi náà sí etí àwọn tí yóò mu ún. Iye kànga ni a ń kà. A kì í ka ohun tí ó wà nínú wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ UNICEF tí ń mójú tó ọ̀ràn àwọn ọmọdé sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Nàìjíríà tí ó yẹ kí ó gba oorun lójú ẹni tí ó bá ní ọmọ nílé. Wọ́n ní bí a bá kó 100 ènìyàn jọ ní orílẹ̀-èdè yìí, 70 nínú wọn ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó ní omi tí ó ṣeé lò ní ìtòsí. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn orísun omi náà lọ tí ó ti lábàwọ́n. Kí òǹkàwé wa fara balẹ̀ wo gbólóhùn kejì yẹn. Kì í ṣe odò inú igbó ni wọ́n ń wí. Kànga ẹ̀rọ, omi ẹ̀rọ, kànga tí a fi símẹ́ǹtì kọ́, àwọn ohun tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé òun ti ṣe fún ará ìlú, ni wọ́n ń wí. Ṣé ti Odòde wà nínú ìdajì tí ó dára ni, àbí nínú èyí tí kò dára? Ó yẹ kí ará Odòde kọ̀ọ̀kan lè dáhùn ìbéèrè yìí ní ìdúró, láìjẹ́ pé ó lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Ìdànrè fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí a fi ọ̀ràn náà ṣeré. Òkúta líle, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní granite, ni ìlú náà jókòó lé, òun náà ni ó sì yí i ká. Òkúta yìí kì í mu omi bí yanrìn ti ń mu ún. Bí òjò ńlá bá rọ̀, òkè a ta á dànù, omi a sì máa dà wá sí àfonífojì níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Ohun tí ó bá bá lójú ọ̀nà ni yóò sì gbá wá pẹ̀lú ara rẹ̀, ìbáà ṣe ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìbáà ṣe ààtàn, ìbáà ṣe ohun tí ẹni tí kò ní ilé ìgbẹ́ lọ fi sílẹ̀ lẹ́yìn òkúta ní òru. Omi tí ó bá ráyè wọ ilẹ̀ kò rí ibi púpọ̀ gbé. Inú erùpẹ̀ tí ó bo òkúta ni ó ń wà, àti inú ibi tí òkúta bá ti sán. Inú erùpẹ̀ yìí kan náà ni a gbẹ́ ṣáláńgá sí. Inú rẹ̀ náà ni a gbẹ́ kànga sí. Nígbà tí onílé méjì bá sì pín ilẹ̀ kékeré láàárín ara wọn, ṣáláńgá ẹni kìn-ín-ní lè wà ní ẹ̀yìn kànga ẹnì kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní èrò ibi.

Àwọn kan yóò ní kànga ẹ̀rọ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí náà kò sí ewu. Ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi inú òkúta tí ó sán a máa sáré. Kò rí yanrìn tí yóò sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga náà kò bá sì fi símẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù dáadáa lókè, àgbàrá yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ bá omi nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń pọn omi níbẹ̀ kò ní rí i. Omi náà yóò tòrò, yóò tutù, yóò sì dùn lẹ́nu.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba kòkó pẹ̀lú. Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó pọ̀ sí jùlọ ní Nàìjíríà. Owó kòkó ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, òun ni ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilé-ìwé. Àgbẹ̀ kòkó kò lè ṣe kí ó má fín oògùn, nítorí àrùn tí ń mú kí èso kòkó dúdú kí ó sì rà lórí igi. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti ń bu omi po oògùn náà? Níbo ni ó ti ń ṣan ẹ̀rọ tí ó fi fín in? Odò ni, nítorí odò ni ó wà nítòsí oko. Àwọn àgbà àgbẹ̀ kò tíì gbàgbé Gammalin 20, èyí tí àwọn kan tilẹ̀ ń dà sínú odò láti fi pa ẹja tà. Ohun tí ó wà nínú oògùn yẹn, tí a ń pè ní lindane, burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò ní 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, pé kí wọ́n mú un kúrò lóko. Iná kì í lé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi. Ìyá tí ó bá se omi fún ọmọ rẹ̀ ti ṣe gbogbo èyí tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ó kù, ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ọ́ fún un.

Omi inú páìpù ńkọ́, èyí tí ó ti ilé-iṣẹ́ omi wá? Ó dára kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n a fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sílẹ̀, wọ́n a sẹ́ ẹ nínú yanrìn, lẹ́yìn náà wọ́n a fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kílórínì náà kò gbọdọ̀ tán sí ilé-iṣẹ́ omi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá omi rìn dé ẹnu ẹ̀rọ, nítorí ọ̀nà jìn, ọ̀tá sì wà lójú ọ̀nà. Òórùn díẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ráhùn sí, tí wọ́n ń sọ pé omi ìjọba ń rùn bí oògùn ìfọṣọ, ẹ̀ṣọ́ ni. Ọjọ́ tí kò bá rùn rárá ni ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀tá ojú ọ̀nà náà kò fara sin. Ẹ̀rọ tí ń fa omi ń fẹ́ iná mànàmáná, iná a sì máa lọ. Nígbà tí omi bá ń ṣàn pẹ̀lú agbára nínú páìpù, bí páìpù bá tilẹ̀ lu, omi ni yóò máa tú jáde, ìdọ̀tí kò ní lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí omi bá dá, páìpù a ṣófo, a sì máa fa ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́bàá ibi tí ó ti lu mọ́ra bí ọmọ tí ń fa ọmú. Ibi tí páìpù bá ti gba inú gọ́tà kọjá, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò fà. Lọ́jọ́ tí omi bá padà dé, tí inú gbogbo ènìyàn dùn, tí àwọn ọmọdé ń hó yèè, tí gbogbo wa ń du ẹnu ẹ̀rọ, omi àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jùlọ.

Àwọn àgbà kan yóò bi wá pé kí ni àwọn bàbá wọn mu lórí òkè. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún tí ìtàn sọ pé àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Títí di òní, ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó tó 600 yẹn yóò rí ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́, àti ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní 1896, wọn yóò sì fi Omi Àpáàrá hàn án. Wọ́n mu omi orí òkúta, wọ́n bímọ, wọ́n sì tẹ ìlú dó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a sin, tí a pè ní àbíkú, tí a kọ lára, tí a sọ ní Kòsọ́kọ́ àti Málọmọ́, ni ó jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ni ó mú wọn lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta? A kò sọ èyí láti fi bu àwọn baba wa. Wọn kò ní ohun tí wọn ìbá fi wo inú omi. Àwa ní in. Ìlú kò sì pọ̀ tó báyìí nígbà náà: ìkànìyàn ọdún 2006 ka 129,024 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, wọn kò sì tíì dẹ́kun bíbí láti ìgbà náà.

Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí sòbìà. Kí sòbìà tó degbò, olúgánbe là á ké sí. Òwe yìí fúnra rẹ̀ fi hàn bí àrùn náà ti mọ́ wa lára tó. Inú omi mímu ni ó ti ń wọ ara, nípasẹ̀ kòkòrò omi tí ó kéré gan-an. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn gígùn a yọ jáde ní ẹsẹ̀, àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́, ọmọ a pa ilé-ìwé jẹ. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní in láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì jẹ́rìí ní oṣù kejìlá ọdún 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tí ń wò ó. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni, oògùn tí a dà sínú adágún ni, kànga tuntun ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó borí gbogbo rẹ̀ ni kíkà. Lóṣooṣù ni abúlé kọ̀ọ̀kan ń sọ iye àwọn tí ó ní in, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí a ń gbé e jáde. Nígbà tí a kò ka sòbìà, àmúwá Ọlọ́run ni a pè é. Ìgbà tí a kà á ni a rí i pé iṣẹ́ tí ó ní òpin ni.

Onígbáméjì ní tirẹ̀ kò tíì lọ. Ní 2021 nìkan, àwọn tí a fura sí pé ó mú ní Nàìjíríà ju 111,000 lọ, àwọn tí ó sì pa ju 3,600 lọ.

Ẹnìkan lè wí pé òṣì ni ó ń fa gbogbo èyí, pé ìlú olówó kò mọ irú rẹ̀. Kí onítọ̀hún jẹ́ kí a mú òun lọ sí Walkerton, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó 5,000. Ìlú tí oko yí ká ni, bí Odòde. Inú kànga ni omi ẹ̀rọ wọn ti ń wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá sì gbé ìgbẹ́ màlúù láti oko kan wọ inú ọ̀kan nínú àwọn kànga náà, èyí tí kò jìn. Kílórínì tí ó yẹ kí ó pa kòkòrò kò tó. Ta ni ó yẹ kí ó mọ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ omi ni, nítorí ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí wọ́n wọn kílórínì náà kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kọ ohun tí wọn kò wọ̀n. Nígbà tí ilé àyẹ̀wò sọ fún ọ̀gá wọn pé kòkòrò ti wọ omi, ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bi í, ó ní omi dára. Ọjọ́ ń lọ, àwọn ọmọdé ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn ìyá wọn sì ń bu omi ẹ̀rọ yẹn kan náà fún wọn mu. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn fi kéde pé kí gbogbo ìlú máa se omi, ó ti pẹ́ jù. Ènìyàn 7 kú. Nǹkan bí 2,300 ni ó ṣàìsàn.

Ìjọba Ontario yan Adájọ́ O'Connor láti wádìí ọ̀ràn náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2002. Kò dá àwọn òṣìṣẹ́ omi nìkan lẹ́bi. Ó ní ìjọba ti dín owó àwọn tí ń bójú tó omi kù, ó sì ti yọ ọwọ́ àwọn ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà láìṣe òfin tí yóò fi dandan mú ilé àyẹ̀wò aládàáni láti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìjọba tí ará ìlú fi ìbò yàn ni ó ṣe èyí, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì yìn ín nígbà tí ó ní òun yóò dín ìnáwó kù. Ẹ kíyè sí i pé èsì àyẹ̀wò wà ní Walkerton. Wọ́n bu omi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí kòkòrò. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ fún. Bí ó bá jẹ́ pé ará ògiri ọjà ni èsì náà wà lọ́jọ́ tí ó dé, ìyá wo ni ì bá tún bu omi yẹn fún ọmọ?

Ohun tí a ń béèrè fún Odòde kò ju ohun tí a ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà omi mímu tirẹ̀, èyí tí àjọ SON tí ń rí sí òdiwọ̀n gbé jáde, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2015. Ìlànà náà sọ pé nínú 100 mílílítà omi, èyí tí kò tó ife tíì kan, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, kódà ẹyọ kan. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni kòkòrò yìí ti ń wá. Ibi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Kò di dandan kí ènìyàn jẹ́ dókítà kí ó tó lè ka irú èsì yìí. Òdo ni, tàbí kì í ṣe òdo.

Nítorí náà, kí Ilé-iṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àjọ omi ìgbèríko tí a mọ̀ sí RUWASSA, àti káńsù Ìdànrè jọ jókòó. Kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀rọ omi àti kànga ìjọba tí ó wà ní Odòde, ní Aládé àti ní Atosin sílẹ̀, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ó ti dákẹ́, kí wọ́n sì kọ nọ́ḿbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa bu omi wọn lọ fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì tún bu ú lẹ́yìn òjò ńlá. Àkúrẹ́ kò jìnnà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, omi tí a bá bu lówùúrọ̀ sì lè dé ilé àyẹ̀wò kí ọ̀sán tó pọ́n. Kì í ṣe ẹni tí ń pèsè omi nìkan ni kí ó máa yẹ omi ara rẹ̀ wò, nítorí a ti rí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ ní Walkerton. Kí àwọn wolé-wolé pẹ̀lú máa bu tiwọn lọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síwájú ààfin Ọwá, síwájú káńsù, sí ẹnu ọ̀nà ọjà àti sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan: nọ́ḿbà ẹ̀rọ, ọjọ́ tí a bu omi, iye E. coli, iye kílórínì. Ìlà mẹ́rin péré.

Wọn yóò ní owó kò sí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé gómìnà kò gbọdọ̀ dì í mú mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ni àwọn ènìyàn wọn yọ̀ sí ìdájọ́ náà. Kí wọ́n jẹ́ kí a rí ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí. Àwa kò tilẹ̀ béèrè owó ńlá. Kí wọ́n kàn ṣírò iye àgọ́, àga, ìlù àti oúnjẹ ayẹyẹ ṣíṣí kànga kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó àyẹ̀wò.

Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá lẹ èsì tí kò dára mọ́ ògiri, ìpayà yóò bá ìlú. Èyí ni ó ń bí wa nínú jùlọ nínú gbogbo àwíjàre wọn. Àwọn tí ó ní owó ti páyà tipẹ́. Omi inú ọ̀rá àti omi inú ike ni wọ́n ń rà mu, wọn kì í fi ẹnu kan omi ẹ̀rọ. Ẹni tí kò ní owó ni a kò fẹ́ kó páyà, òun ni ó sì ń mu ún. Bí ìwé bá sọ pé ẹ̀rọ kẹta ti lábàwọ́n, a ó ti ẹ̀rọ kẹta, a ó fi kílórínì fọ̀ ọ́, a ó wá ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọlé, àwọn ènìyàn yóò sì pọn omi ní ẹ̀rọ kẹrin títí a ó fi parí rẹ̀. Ìpayà wo ni ó wà nínú ìyẹn? Àìmọ̀ ni ó ń páni láyà.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ẹ ń lu ìlù, tí ẹ ń rìn láti ojúlé dé ojúlé nígbà ìbò, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà ju bí ẹ ti rò lọ. Olùdíje kì í dá ará ìlú lóhùn kíákíá bí ó ti ń dá ẹ̀yin lóhùn. Nígbà tí ó bá dé Odòde, tí ó ní òun yóò gbẹ́ kànga, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ sì béèrè pé: ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà mélòó lọ́dún, níbo ni a ó ti rí èsì rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ yín, ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Omi tí ó bá lábàwọ́n kò ní béèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó mú ọmọ yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín yàtọ̀. Ìran àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú yín ni ó kọ́ àwọn òbí wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, àwọn ni ó ń bá ìlú kọ lẹ́tà, àwọn ni ó ń ka ìwé ìjọba fún ọba àti ìjòyè. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ya àwòrán àdúgbò wọn, kí wọ́n fi ibi tí kànga wà hàn, kí wọ́n fi ibi tí ṣáláńgá wà hàn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn wọn ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni, àwọn òbí tí ó bá sì rí àwòrán náà lọ́wọ́ ọmọ wọn yóò ní ohun tí wọn yóò rò. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kan ní ilé-ìwé lóṣooṣù. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò jáde, kí ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Kí ọjọ́ náà tó dé, a kò lè ní kí ará ìlú ká ọwọ́ gbera. Kí wọ́n se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n bò ó kí ó tutù, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró dípò agbada tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan tí ó sì padà dé, kí wọ́n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn lọ, tàbí kí wọ́n fi fọ ilẹ̀. Kí àgbẹ̀ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ó fi fín oògùn sínú odò.

Ní ti káńsù àti ilé-iṣẹ́ omi, ààyè wà fún wọn lójú ewé yìí. Bí wọ́n bá ní èsì àyẹ̀wò omi Odòde lọ́wọ́, ti oṣù yìí tàbí ti oṣù tí ó kọjá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó bá ti wà, yálà ó dára tàbí kò dára, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.